Ojú irin ìgboro Èkó àti ibi tó ti pàdé ti Ìbàdàn: Kí ló kan ará Ìlọrin níbẹ̀?

Ọkọ̀ ojú irin ìgboro Èkó ti ń kó èrò báyìí, ó sì ti pàdé ojú irin tó ń lọ sí Abẹ́òkúta àti Ìbàdàn. Ẹni tó bá wọkọ̀ ní Mónìyà, n'Ìbàdàn, lè sọ̀ kalẹ̀ l'Ágége, kó wọ òmíràn lọ sí Ìkẹjà tàbí Òṣòdì láì kó sínú súnkẹrẹ-fàkẹrẹ mọ́tò. Ṣùgbọ́n ará Ìlọrin tó bá fẹ́ ṣe bẹ́ẹ̀ gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ wọ mọ́tò dé Ìbàdàn ná, bẹ́ẹ̀ ojú irin ti wọ Ìlọrin láti ọdún 1908. Bọ́rọ̀ ṣe jẹ́ nìyí.

Blue Line àti Red Line

Ọjọ́ ti pẹ́ tí Èkó ti ń lé ọ̀rọ̀ yìí. Ìjọba Gómìnà Lateef Jákàńdè ló bẹ̀rẹ̀ ètò Metroline lọ́dún 1983, ìjọba ológun sì fagi lé e lọ́dún 1985. LAMATA, àjọ tó ń rí sí ìrìnnà l'Ékòó, ló wá gbé iṣẹ́ náà dìde padà.

Blue Line ló kọ́kọ́ parí. Ó gùn ní kìlómítà 13, láti Marina dé Mile 2, ó sì ní tééṣàn márùn-ún. Iná mànàmáná ló ń lò. Ààrẹ Muhammadu Buhari ṣí i ní January 24, 2023, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í kó èrò ní September 4 ọdún náà. Òkókómáíkò ni wọ́n fẹ́ fà á dé.

Red Line gùn ní kìlómítà 27. Tééṣàn mẹ́jọ ló ní: Agbádó, Ìjú, Agége, Ìkẹjà, Òṣòdì, Múṣin, Yábàá àti Ọ̀yìngbò. Dísù ni ọkọ̀ rẹ̀ ń lò. Ààrẹ Bọ́lá Tinúbú ṣí i ní February 29, 2024, èrò sì bẹ̀rẹ̀ sí í wọ̀ ọ́ ní October 15, 2024.

Àwọn kan máa ń pè é ní ọkọ̀ abẹ́ ilẹ̀ bíi ti London. Kò rí bẹ́ẹ̀. Orí afárá ni Blue Line gbà kọjá lórí ọ̀sà, orí ilẹ̀ ni Red Line sì ń rìn.

Ibi tí wọ́n ti pàdé

Red Line kò ní ojú irin tirẹ̀ lọ́tọ̀. Òun àti ọkọ̀ Èkó sí Ìbàdàn, tó jẹ́ ti ìjọba àpapọ̀, ni wọ́n jọ ń lo ojú irin kan náà. Kìlómítà 157 ni ti Ìbàdàn yìí. Wọ́n bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ rẹ̀ lọ́dún 2017, wọ́n sì ṣí i ní June 10, 2021. Láti tééṣàn Mobolaji Johnson ní Ẹ̀bútẹ́ Mẹ́ta, ó gba Agége, Agbádó, Kájọlà, Pápáláńtò, Abẹ́òkúta, Ọlódò àti Ọmi-Adió dé Mónìyà.

Agége àti Agbádó wà nínú tééṣàn àwọn méjèèjì. Ibẹ̀ ni ẹni tó ń ti Ìbàdàn bọ̀ ti lè pààrọ̀ ọkọ̀. Ohun méjì ni kẹ́ ẹ fi sọ́kàn. Èkíní, tíkẹ́ẹ̀tì Ìbàdàn kò wúlò nínú Red Line. Káàdì Cowry ni wọ́n ń lò níbẹ̀. Èkejì, ọkọ̀ Ìbàdàn kì í lọ léraléra bíi ti ìgboro, nítorí náà ẹ béèrè àsìkò kẹ́ ẹ tó kúrò nílé.

Red Line àti Blue Line fúnra wọn kò tíì pàdé. Wọ́n fẹ́ fa Red Line láti Ọ̀yìngbò dé Marina. Títí dìgbà náà, bọ́ọ̀sì ni èrò ń wọ̀ láàrin wọn.

Kí ló dé tí ọkọ̀ Ìlọrin ò lè bá wọn débẹ̀?

Ojú irin wọn ò fẹ̀ bákan náà. Èyí tí àwọn òyìnbó ṣe láti Èkó dé Ìbàdàn lọ́dún 1901, tó wọ Òṣogbo lọ́dún 1907, tó gba Ọ̀fà wọ Ìlọrin lọ́dún 1908, tó sì dé Jẹ́bà lọ́dún 1909, mílímítà 1,067 ló wà láàrin irin rẹ̀ méjèèjì. Ti tuntun jẹ́ 1,435. Táyà irin tó bá ọ̀kan mu kò lè bá èkejì mu. Òótọ́ ni pé wọ́n tún ojú irin àtijọ́ ṣe, tí ọkọ̀ Èkó sí Kánò sì padà sẹ́nu iṣẹ́ ní December 2012. Ṣùgbọ́n ojú irin tirẹ̀ ló ń tọ̀, kò lè bọ́ sórí èyí tí Red Line ń lò.

Àlàfo tó kù

Lọ́dún 2006, ìjọba Ààrẹ Olúṣẹ́gun Ọbásanjọ́ fọwọ́ sí ìwé pé kí iléeṣẹ́ CCECC ti ilẹ̀ Ṣáínà ṣe ojú irin tuntun láti Èkó dé Kánò. Wọ́n padà gé iṣẹ́ náà sí wẹ́wẹ́. Abuja sí Kàdúná ṣí lọ́dún 2016, Èkó sí Ìbàdàn tẹ̀lé e lọ́dún 2021, ọdún náà ni wọ́n sì bẹ̀rẹ̀ Kàdúná sí Kánò. Ti Ìbàdàn sí Òṣogbo, Ìlọrin àti Mínà ló wà láàrin, tí kò tíì sí. Wọ́n tún buwọ́ lu ìwé Ìbàdàn sí Kánò lọ́dún 2018, ṣùgbọ́n ojú irin tuntun kò tíì kúrò n'Ìbàdàn wá síhìn-ín.

Kì í ṣe èrò nìkan lọ̀rọ̀ yìí kàn. Tírélà tó ń kó àlùbọ́sà, ẹ̀wà àti màlúù ti Òkè Ọya bọ̀ ń gba Jẹ́bà àti Bódè Sáadú kọjá, títì tí èrò ń gbà náà ni wọ́n ń tẹ̀ mọ́lẹ̀. Ojú irin tó bá dí àlàfo yìí yóò gba ẹrù púpọ̀ kúrò lórí títì. Ẹni tó bá sì wọkọ̀ n'Ílọrin nígbà náà, Agége ni yóò ti sọ̀ kalẹ̀ láti wọ ti ìgboro. Ní báyìí, Mónìyà ni tééṣàn ojú irin tuntun tó sún mọ́ ará Kwara jù ní ọ̀nà Èkó.