Olùkọ́ Tó Wà Lẹ́yìn Àwo Orin: Walter Dyett, Julian Priester àti Keep Swingin' (1960)

Bí a bá ń kọ ìtàn àwọn gbajúmọ̀ olórin, a máa ń dárúkọ olórin àti ilé-iṣẹ́ tó gbé àwo rẹ̀ jáde. Ó ṣọ̀wọ́n kí a dárúkọ olùkọ́. Èrò àpilẹ̀kọ yìí ni pé ìtàn àwo jáàsì tó ń jẹ́ Keep Swingin' kò lè pé láìsí ìtàn ilé-ìwé tí ẹni tó ni ín ti kẹ́kọ̀ọ́.

Oṣù Kìn-ín-ní ọdún 1960 ni Julian Priester, afọntróńbóònù ẹni ọdún 24, ká orin inú àwo náà sílẹ̀ fún ilé-iṣẹ́ Riverside. Jimmy Heath fọn sasofóònù, Tommy Flanagan tẹ dùùrù, Sam Jones ta báàsì, Elvin Jones sì lu ìlù. Hard bop ni wọ́n ń pe irú jáàsì yìí. Àwọn Adúláwọ̀ Amẹ́ríkà ló gbé e jáde lẹ́yìn 1950, tí wọ́n fa orin ṣọ́ọ̀ṣì àti blúùsì wọ inú jáàsì. Kò rọrùn láti fi tróńbóònù kọ ọ́. Sasofóònù ní ohun tí ìka ń tẹ̀. Ọ̀pá gígùn ni afọntróńbóònù ń fà síwá-sẹ́yìn láti wá ohùn, orin náà sì ń sáré.

Yorùbá ní ọmọ tí yóò jẹ́ àṣàmú, kékeré ló ti ń ṣẹnu ṣámúṣámú. Òótọ́ ni. Àmọ́, ta ló fi fèrè lé àṣàmú lọ́wọ́? Ní DuSable High School, ilé-ìwé ìjọba ní gúúsù Chicago, Walter Dyett ni. Láti 1935 ló ti ń darí ẹgbẹ́ onífèrè ibẹ̀. Ó máa ń kó àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ṣe eré kan tí wọ́n ń pè ní Hi-Jinks láti wá owó fún ẹ̀kọ́ orin. Ọwọ́ rẹ̀ náà ni Johnny Griffin, Gene Ammons àti Von Freeman gbà kọjá. Igi kan kò dá igbó ṣe.

Èso ẹ̀kọ́ náà kò mọ sórí àwo kan. Ní 1960 kan náà, Priester fọn tróńbóònù nínú We Insist!, àwo òmìnira ti Max Roach, níbi tí Babatunde Olatunji, ọmọ Àjídó nítòsí Àgbádárìgì, ti lu ìlù. Nígbà tó yá, Priester fúnra rẹ̀ di olùkọ́ ní Cornish College of the Arts, ní Seattle.

Ní 2015, ìjọba ti ilé-ìwé kan tí wọ́n fi sọ orí Dyett ní Chicago. Àwọn òbí àti ará àdúgbò kọ oúnjẹ fún ọjọ́ 34. Ní 2016, wọ́n tún un ṣí gẹ́gẹ́ bí ilé-ìwé iṣẹ́ ọnà.

Àbá méjì ni a mú wá. Èkíní, bí akẹ́kọ̀ọ́ wa bá ń kọ ìtàn olórin, kí a bi í pé: ta ló kọ́ ọ, níbo? Èkejì, bí owó ilé-ìwé bá ń dínkù, kí ẹ̀kọ́ orin má ṣe jẹ́ ohun àkọ́kọ́ tí a óò yọ kúrò. Ilé-ìwé tó bá yọ ọ́ kò ní mọ àwo tí kò ní jáde mọ́.