Oúnjẹ àti Ìlera Òjòlá ní Ìgbèkùn: Ẹ̀kọ́ láti Ouidah fún Olùkọ́ ní Etí Òkun Ìlàjẹ

Ìfáárà
Nílẹ̀ Yorùbá, láìyọ ẹkùn omi Ìlàjẹ sílẹ̀, bí ejò bá yọ, igi ni ọ̀pọ̀ ènìyàn máa ń wá. Ní Ouidah, ní orílẹ̀-èdè Benin, lápá ìwọ̀-oòrùn etí òkun kan náà, ọ̀rọ̀ kò rí bẹ́ẹ̀. Iṣẹ́ yìí ṣe àyẹ̀wò ìtàn òjòlá ibẹ̀ àti ẹ̀kọ́ tí ó wà nínú rẹ̀ fún olùkọ́ tí ó bá fẹ́ sin ejò nílé ẹ̀kọ́.

Ìtàn Dangbe
Kí ó tó di ọdún 1727, àwọn Hueda ni ó ni Ouidah, Savi sì ni olú-ìlú wọn. Òjòlá tí wọ́n ń pè ní Dangbe ni wọ́n ń bọ. William Bosman, oníṣòwò ọmọ ilẹ̀ Dọ́ọ̀ṣì, ṣàlàyé nínú ìwé rẹ̀ tí ó jáde ní 1704 pé nígbà tí ẹlẹ́dẹ̀ kan jẹ ejò náà, ọba pàṣẹ kí wọ́n pa àwọn ẹlẹ́dẹ̀ ìlú. Ní 1727, Agaja, ọba Dahomey, ṣẹ́gun Hueda. William Snelgrave, tí ìwé rẹ̀ jáde ní 1734, sọ pé àwọn ọmọ ogun ní kí àwọn ejò náà gba ara wọn là bí wọ́n bá jẹ́ òrìṣà. Lẹ́yìn èyí, wọ́n bẹ́ wọn lórí, wọ́n sun wọ́n jẹ. Síbẹ̀, ẹ̀sìn náà kò parun. Tẹ́ńpìlì òjòlá ṣì wà ní Ouidah, ó dojú kọ ṣọ́ọ̀ṣì ńlá àwọn Àgùdà.

Oúnjẹ àti Ìlera
Irú òjòlá tí ó wà níbẹ̀ ni *Python regius*. Àṣà ibẹ̀ ni pé wọ́n máa ń tú wọn sílẹ̀ lálẹ́ láti ìgbà dé ìgbà kí wọ́n lè wá eku jẹ. Ẹni tí ó bá rí ọ̀kan nínú ilé rẹ̀ yóò dá a padà wọ́ọ́rọ́. Àṣà yìí bá ìṣesí ẹranko náà mu, nítorí eku àti ẹyẹ ni oúnjẹ rẹ̀, òun fúnra rẹ̀ ni ó sì ń mọ ìgbà tí ebi ń pa á. Èyí tí ó ti dàgbà lè gbààwẹ̀ fún oṣù mélòó kan láìṣàìsàn.

Inú àgó ni ìṣòro ti ń bẹ̀rẹ̀. Àpọ̀jù oúnjẹ a máa kó ọ̀rá bá ẹ̀dọ̀. Ààyè eku lè bu ejò jẹ. Ooru ara ejò kò ti inú rẹ̀ wá. Bí ibùgbé rẹ̀ bá tutù, oúnjẹ kò ní dà, ó lè bàjẹ́ sí i nínú. Bí wọ́n bá gbé e kiri lẹ́yìn oúnjẹ, ó lè pọ̀ ọ́. Nítorí náà, kò yẹ kí àlejò fi òjòlá tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ jẹun kọ́rùn, ìbáà jẹ́ ní tẹ́ńpìlì. Fún àgbà òjòlá, òkú eku kan tí kò fẹ̀ ju ìbú ara rẹ̀ lọ ti tó fún ọ̀sẹ̀ méjì sí mẹ́rin. Omi mímọ́, ibi ìsápamọ́ àti igun kan tí ó móoru kò gbọdọ̀ wọ́n ọn.

Ìgúnlẹ̀
Ní 2020, abo òjòlá irú èyí, tí ó ti wà ní ọgbà ẹranko Saint Louis, ní Amẹ́ríkà, láti 1961, yé ẹyin méje. Ó hàn gbangba, nígbà náà, pé ẹni tí ó bá fi òjòlá sí àgó ti gba ẹrù ọ̀pọ̀ ọdún, ẹrù tí ó lè pẹ́ ju iṣẹ́ olùkọ́ fúnra rẹ̀ lọ. Ilé ẹ̀kọ́ tí kò bá ní ẹni tí yóò máa tọ́jú rẹ̀ nígbà ìsinmi, kí ó fi àwòrán kọ́ni, kí ó sì fi ejò sílẹ̀ nínú igbó.