Kẹ̀kẹ́ ogun Fáráò: báwo ló ṣe ń sáré tó?

1/ Gbogbo wa la ti gbọ́ nípa kẹ̀kẹ́ ogun Fáráò. Ṣé ẹ mọ bó ṣe yára tó? Ẹ jẹ́ n sọ fún yín 🧵

2/ Ẹṣin méjì ló ń fà á. Lórí ilẹ̀ títẹ́jú, ó lè sá tó bíi 40 kìlómítà ní wákàtí kan. Eré ọ̀kadà tó rọra ń lọ nìyẹn o!

3/ Àṣírí ẹ̀? Ó fúyẹ́. Igi tín-ín-rín tí wọ́n tẹ̀ àti awọ ni wọ́n fi ṣe é. Mẹ́fà ni wọ́n bá nínú ibojì Tutankhamun tí wọ́n rí ní 1922.

4/ Ní ogun Kadesh, bíi ọdún 1274 ṣáájú Krístì, èèyàn mẹ́ta làwọn ará Hítì kó sínú kẹ̀kẹ́ kan. Méjì péré ni ti Ramesses Kejì: ẹni tó ń wà á àti tafàtafà.

5/ Àwọn Hítì já lù wọ́n lójijì, ibùdó Ramesses dàrú. Àmọ́ kẹ̀kẹ́ tó fúyẹ́ tètè ń yí padà. Òun ni Ramesses fi kó ara ẹ̀ yọ.

6/ Ó yọ lóòótọ́, ṣùgbọ́n kò gba Kadesh. Síbẹ̀, ó gbẹ́ ẹ sára ògiri tẹ́ńpìlì pé òun ló ṣẹ́gun 😂