Láti Ìfúnpá dé Ọ̀já Àyà

Kí ìfúnpá tó di ọ̀rọ̀ ẹnu nọ́ọ̀sì, ọ̀rọ̀ oníṣègùn ni. Awọ ni wọ́n fi ń rán an, oògùn ni wọ́n ń dì sínú rẹ̀, òkè apá ni wọ́n sì ń so ó mọ́. Oǹdè wà fún ọrùn, ìgbàdí wà fún ìbàdí, òrùka wà fún ìka. Kò sí ibi tí Yorùbá kì í so nǹkan mọ́ lára nítorí àlàáfíà. Nígbà tí ilé ìwòsàn wá gbé ẹ̀rọ tirẹ̀ dé, èyí tí wọ́n ń wé mọ́ apá tí wọ́n sì ń fẹ́ atẹ́gùn sí títí yóò fi fún apá pinpin, a kò wá orúkọ rẹ̀ lọ jìnnà. Ìfúnpá náà ni a pè é, títí dòní ìfúnpá gíga sì ni orúkọ kejì tí ẹ̀jẹ̀ ríru ń jẹ́. Èyí tó tún dé báyìí ni ọ̀já tẹ́ẹ́rẹ́ tí àwọn tó ń sáré láàárọ̀ ń so mọ́ àyà lábẹ́ ẹ̀wù, tó ń ka bí ọkàn ṣe ń lù, tó sì ń fi iye rẹ̀ ránṣẹ́ sí smartwatch tó wà ní ọrùn ọwọ́. Lójú àwọn kan ní Akóbọ̀ tàbí Bódìjà n'Ìbàdàn, fáàrí olówó ni. Èmi kò gbà bẹ́ẹ̀. Ọmọ ìyá kan náà ni ọ̀já yìí àti iṣẹ́ tí àwọn dókítà Ìbàdàn ti ń ṣe láti bí ọgọ́ta ọdún sẹ́yìn: kí á wọn nǹkan láti orísun rẹ̀, lára ẹni tó ni ín, ká má ṣe gba iye tí wọ́n kà lára ẹlòmíràn gẹ́gẹ́ bí iye tiwa.

Èdè wa fúnra rẹ̀ jẹ́rìí pé àyà ni Yorùbá ti ń gbọ́ ọkàn. Ọ̀rọ̀ kan náà ni ìlù àti ọkàn jọ ń lò: à ń lu ìlù, ọkàn ń lù. Bí ẹ̀rù bá bani, àyà ni í já. Bí ara ọmọ bá gbóná, ìyá àgbà a tẹ́ àtẹ́lẹwọ́ lé e láyà, a sì wo àwùjẹ rẹ̀ bí ó ṣe ń lọ sókè sódò. Ṣùgbọ́n kò sí ẹni tó ń ka iye. "Ó ń yára jù" tàbí "ó ti rọlẹ̀" ti tó. Kíkà ń fẹ́ aago tó mọ ìṣẹ́jú dájú, àwọn Òyìnbó pàápàá kò sì tètè ní in. Ọdún 1707 ni John Floyer, dókítà kan nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, tẹ ìwé jáde lórí aago tí ó ṣe ètò rẹ̀ láti máa rìn fún ìṣẹ́jú kan péré kí ó tó dúró, kí oníṣègùn lè fi ka ìlù ẹ̀jẹ̀ ní ọrùn ọwọ́ aláìsàn. Ìròyìn ọkàn ló sì ń dé ọrùn ọwọ́, ọkàn fúnra rẹ̀ kò sí níbẹ̀. Ẹni tó gbọ́ ọ láti ẹnu ara rẹ̀ ni Willem Einthoven, ní ìlú Leiden nílẹ̀ Netherlands, ní ìbẹ̀rẹ̀ ọ̀rúndún ogún. Ọkàn a máa ta iná díẹ̀ kí ó tó lù, iná náà ni Einthoven sì fi ẹ̀rọ rẹ̀ mú. Ẹni tí wọ́n bá fẹ́ yẹ̀ wò yóò ti ọwọ́ méjèèjì àti ẹsẹ̀ kan bọ inú ìkòkò omi iyọ̀, nítorí pé omi iyọ̀ ló ń jẹ́ kí iná ara kọjá sínú wáyà. Ẹ̀rọ ọ̀hún wúwo ju kìlógíráàmù 250 lọ, ènìyàn márùn-ún ló sì ń darí rẹ̀. Einthoven gba ẹ̀bùn Nobel lórí rẹ̀ ní 1924. Ní 1949, Norman Holter ní Amẹ́ríkà gbé tirẹ̀ kọ́ ẹ̀yìn, tó ń fi rédíò ránṣẹ́ bí ènìyàn ṣe ń rìn. Kìlógíráàmù 38 ni, ó kù díẹ̀ kó tó àpò sìmẹ́ǹtì. Ilẹ̀ Finland, níbi tí yìnyín pọ̀ sí, ló gbé e wálẹ̀ dé orí ọ̀já: Seppo Säynäjäkangas dá ilé iṣẹ́ Polar sílẹ̀ ní 1977, nígbà tó sì di 1982, àwọn tó ń yọ̀ lórí yìnyín ti ń fi ọ̀já àyà àti aago ọwọ́ tí kò ní wáyà láàárín wo ọkàn ara wọn.

Omi iyọ̀ Einthoven kò kúrò nínú ọ̀rọ̀ náà títí dòní. Ẹ yí inú ọ̀já náà síta, ẹ ó rí ojú rọ́bà méjì, ọ̀kan lápá ọ̀tún, ọ̀kan lápá òsì. Ojú méjèèjì yìí gbọ́dọ̀ tutù kí wọ́n tó kan ara. Omi ẹ̀rọ tó, itọ́ náà tó. Abẹ́ ọmú ni wọ́n ń so ó sí, kó fún mọ́ra bí ọ̀já tí a fi gbé ọmọ pọ̀n, kó má di èyí tí ń yọ̀ wálẹ̀, kó má sì dí èémí. Lákòókò ọyẹ́ ní Ìbàdàn, tí ètè ń là tí awọ ara sì ń funfun, ẹni tó bá so ó mọ́ra ní gbígbẹ lè rí 190 lójú aago kó tó kúrò lẹ́nu géètì ilé rẹ̀. Ọ̀já ni kò tíì gbọ́ ohun tí ọkàn ń wí. Bí ó bá sáré bí ìṣẹ́jú mẹ́wàá tí òógùn bẹ̀rẹ̀ sí í yọ, iyọ̀ inú òógùn á ṣe iṣẹ́ omi ìkòkò, iye náà á sì wálẹ̀ sí òtítọ́. Wọn yóò wá ní kí ni ó kàn wá pẹ̀lú gbogbo wàhálà yìí, nígbà tí smartwatch fúnra rẹ̀ ní iná tó fi ń ka ọkàn ní ọrùn ọwọ́. Ó ní in lóòótọ́. Iná aláwọ̀ ewé ni ó ń tàn sínú awọ, ó sì ń wo bí ẹ̀jẹ̀ tó ń kọjá ṣe ń gbé ìmọ́lẹ̀ náà mì. Bí ènìyàn bá jókòó jẹ́ẹ́, ó máa ń ṣe dáadáa. Ìgbà tí apá bá ń jù síwá jù sẹ́yìn ni ìṣòro ń bẹ̀rẹ̀, nítorí ẹ̀jẹ̀ ọwọ́ náà ń mì pẹ̀lú apá, aago sì lè máa ka ìṣísẹ̀ kó pè é ní ọkàn. Ẹni tó ń gbé ẹsẹ̀ 170 ní ìṣẹ́jú kan lè rí 170 lójú aago nígbà tí ọkàn rẹ̀ wà ní 140. Ti awọ dúdú ńkọ́? A nídìí láti bèèrè, nítorí ní 2020 ìwádìí kan nílẹ̀ Amẹ́ríkà fi hàn pé ẹ̀rọ tí wọ́n ń fi há ìka láti wo afẹ́fẹ́ inú ẹ̀jẹ̀ ń ṣi àwọn aláìsàn aláwọ̀ dúdú wò ní nǹkan bí ìlọ́po mẹ́ta ti àwọn funfun. Àmọ́ lórí kíka ọkàn, ìwádìí ti Yunifásítì Duke lọ́dún kan náà lára ènìyàn 53 kò rí ìyàtọ̀ pàtàkì láàárín àwọ̀ kan àti òmíràn. Ìrìn ló bá a jẹ́, tí àṣìṣe fi ìdá 30 nínú ọgọ́rùn-ún ju ti ìgbà ìjókòó lọ. Ẹ má ṣe jẹ́ ká wá ẹ̀sùn awọ sí i nígbà tí ẹ̀rí wà pé apá tó ń jù ni.

Ibi tí ọ̀rọ̀ yìí ti di ọ̀rọ̀ Ìbàdàn gan-an nìyí. Nígbà tí wọ́n dá Yunifásítì Kọ́lẹ́ẹ̀jì sílẹ̀ ní 1948, ilé ìwòsàn Adéọ̀yọ́ ni àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ìṣègùn ti ń kọ́ṣẹ́, títí wọ́n fi ṣí ilé ìwòsàn UCH ní 1957. Inú ìwé tí wọ́n ń kà nígbà náà, ẹ̀jẹ̀ ríru fẹ́rẹ̀ẹ́ má jẹ́ àìsàn aláwọ̀ dúdú. Èyí kì í ṣe àhesọ lásán o. Dókítà kan tó ń jẹ́ Donnison ti wọn ìfúnpá ẹgbẹ̀rún kan ènìyàn nílẹ̀ Kenya, ó sì kọ ọ́ sínú ìwé ìròyìn Lancet ní 1929 pé òun kò rí i lára wọn. Ọ̀rọ̀ ibì kan, ní àkókò kan, ni ayé wá fi bo gbogbo Áfíríkà mọ́lẹ̀. Àwọn dókítà Ìbàdàn ló ní kí wọ́n lọ kà á wò níhìn-ín. Ọládípọ̀ Akínkùgbé, ọmọ Oǹdó, pẹ̀lú Òjó tí wọ́n jọ ṣiṣẹ́, wọn ìfúnpá ará oko àti ará ìlú, wọ́n sì tẹ ohun tí wọ́n rí jáde nínú British Medical Journal ní 1969. Láàárín 1973 sí 1975, Káyọ̀dé Ọ̀ṣúntókun àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ṣí ìwé kan ní Ìbàdàn tí wọ́n ń kọ orúkọ gbogbo ẹni tí àrùn rọpárọsẹ̀ bá kọlù nínú ìlú sí. Wọ́n rí ènìyàn 26 lọ́dọọdún nínú 100,000, ẹ̀jẹ̀ ríru ló sì wà nídìí ọ̀pọ̀ rẹ̀. Nígbà tí Akínkùgbé darí ìwádìí gbogbo orílẹ̀-èdè, tí àbájáde rẹ̀ jáde ní 1997, àgbà 11 àti díẹ̀ nínú ọgọ́rùn-ún ló ní ẹ̀jẹ̀ ríru, ó sì lé ní mílíọ̀nù mẹ́rin ènìyàn. Ìwọ̀n tí wọ́n lò nígbà náà, 160 lórí 95, ga ju ti òde òní lọ; bí wọ́n bá fi 140 lórí 90 wò ó, iye náà ìbá pọ̀ jù bẹ́ẹ̀. Ẹni tó bá ń bèèrè ìdí tí ó fi yẹ kí ènìyàn wọn ara tirẹ̀, kó wo bí ìwé tí a yá lò ti ṣì wá lọ́nà tó kí àwọn dókítà wa tó mú ìfúnpá jáde.

Nígbà tí Ọ̀ṣúntókun ń kọ ìwé yẹn, Akóbọ̀ kì í ṣe àdúgbò ńlá; ilẹ̀ oko ni púpọ̀ nínú rẹ̀, ní agbègbè Lágelú. Ilé ti tò láti Baṣọ̀run títí dé Ojúurin báyìí, ẹsẹ̀ tí ń lọ sóko sì ti di takisí Máíkírà àti ọkọ̀ ara ẹni. Ìyípadà yìí kì í ṣe ti ojú lásán. Ní 1997 bákan náà ni àwọn olùwádìí, tí àwọn ará Ìbàdàn wà lára wọn, tẹ àfiwé kan jáde láàárín àwọn aláwọ̀ dúdú tí orírun wọn jẹ́ Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà: nílẹ̀ Nàìjíríà àti Cameroon, ẹ̀jẹ̀ ríru wà lára 16 nínú ọgọ́rùn-ún, ní àwọn erékùṣù Caribbean, 26, ní Maywood lẹ́bàá Chicago, 33. Orírun kan náà ni, ìgbé ayé ló yàtọ̀. Ìgbé ayé Maywood, jíjókòó nínú mọ́tò, jíjókòó nídìí tábìlì, oúnjẹ oníyọ̀ inú ọ̀rá, ni Akóbọ̀ ń sún mọ́ lójoojúmọ́. Eré òwúrọ̀ ni àwọn kan fi ń dá a padà, mo sì yìn wọ́n fún un tọkàntọkàn.

Àtakò tó lágbára jù ni pé ọ̀já àyà kò rí ẹ̀jẹ̀ ríru. Òótọ́ pọ́ńbélé ni. Ọkàn lè máa lù ní 68 jẹ́ẹ́jẹ́ẹ́ lára ẹni tí ìfúnpá rẹ̀ jẹ́ 180 lórí 110. Ẹni tó bá ra ọ̀já kó tó lọ wọn ìfúnpá ti fi ẹ̀yìn ṣe iwájú, ó sì ti sọ ọ̀já náà di oǹdè: ó so ó mọ́ra, ọkàn rẹ̀ balẹ̀, kò sì mọ nǹkan kan. Èyí kò sọ iṣẹ́ ọ̀já di asán. Ọ̀pọ̀ ìlànà eré sísá tí wọ́n tò sínú aago dá lórí ìṣirò pé kí á yọ ọjọ́ orí kúrò lára 220, ibi tó bá kù sí ni wọ́n kà sí òpin bí ọkàn ṣe lè lù tó. Ọdún 1971 ni Fox àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Amẹ́ríkà gbé e jáde. Ṣe ni wọ́n fa ìlà kan gba àárín iye tó wà nínú àwọn ìwádìí mélòó kan. Nígbà tí Tanaka àti àwọn mìíràn tún un kà ní 2001, ẹni 60 ọdún tí wọ́n ní 160 ni òpin tirẹ̀ wá ní 166, ẹni 70 ọdún sì ti 150 gòkè dé 159. Síbẹ̀, àárín lásán ni èyí náà. Ènìyàn méjì tí wọ́n bí lọ́jọ́ kan náà lè fi 20 ju ara wọn lọ. Bí ẹni náà bá sì ń lo oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru bíi atenolol tàbí propranolol, oògùn ti di ọkàn rẹ̀ mú. Yóò máa mí hẹlẹhẹlẹ ní 120, aago á sì máa sọ fún un pé kó tún yára sí i. Láàárín ìlú tí ẹ̀jẹ̀ ríru pọ̀ tó báyìí, àṣìṣe yẹn lè pa ènìyàn. Ohun tó ń gbà á ni kí ó fi ọ̀já ka ọkàn tirẹ̀, nígbà ìsinmi, nígbà ìrìn, nígbà tó bá ń gun òkè, kó mọ ibi tí ọ̀rọ̀ sísọ ti ń ṣòro fún un, kó sì bi dókítà rẹ̀ léèrè iye tí kò gbọ́dọ̀ kọjá.

Àtakò ti owó náà kò ṣe é fọwọ́ rọ́ sẹ́yìn. Ìka méjì lọ́rùn ọwọ́ pẹ̀lú aago ògiri, kíka fún ìṣẹ́jú àáyá 15 tí a ó sọ di ìlọ́po mẹ́rin, kò ná ẹnikẹ́ni ní kọ́bọ̀, ó sì dára fún ìgbà ìsinmi. Kò lè ṣe iṣẹ́ eré, nítorí kí ènìyàn tó dúró tó wá ọrùn ọwọ́ rí, ọkàn ti ń sọ̀ kalẹ̀.

Ohun kan ló ń dùn mí nínú ọ̀rọ̀ ọ̀já yìí. Ìwé Ọ̀ṣúntókun, Ìbàdàn ni wọ́n ti kọ ọ́, ọ̀rọ̀ Ìbàdàn ni wọ́n sì kọ sínú rẹ̀. Iye tí ọ̀já ń kà ní Akóbọ̀ láàárọ̀ ń gba orí fóònù lọ sínú kọ̀ǹpútà àwọn ilé iṣẹ́ tó wà lókè òkun, ẹni tí wọ́n kà á lára rẹ̀ kì í sì í tún wò ó mọ́ lẹ́yìn ọjọ́ méjì. Fóònù yẹn kan náà lè tò ó sórí ìwé: ọjọ́, wákàtí, iye ìsinmi, iye tó ga jù. Kí ó tẹ̀ ẹ́ jáde, kó mú un dání lọ́jọ́ tó bá ń lọ wọn ìfúnpá, kó sì gbé e lé tábìlì dókítà, lẹ́gbẹ̀ẹ́ káàdì tí nọ́ọ̀sì ti kọ ti apá sí.