Ọ̀dà Kíki nínú Àwòrán Òṣogbo

Ọ̀dà kíki ni ọ̀nà àwòrán kíkùn tí wọn kì í fi omi la ọ̀dà. Wọ́n á kó o léra títí ojú àwòrán á fi rí gbágungbàgun, tí èèyàn á máa rí ibi tí búrọ́ọ̀ṣì gbà kọjá. Ní Yúróòpù, Vincent van Gogh ni wọ́n mọ̀ mọ́ ọn jù, pàápàá òdòdó inú ìkòkò tó kùn ní Arles ní 1888. Ní Òṣogbo, ìkòkò lórí tábìlì kò fi bẹ́ẹ̀ wọ àwọn ayàwòrán lójú: orí èèyàn, òrùlé ilé àti òrìṣà ni wọ́n ń kùn.

Ọdún 1962 ni Dúró Ládiípọ̀, òṣèré orí ìtàgé, àti Ulli Beier ṣí Mbari Mbayo, ilé ẹgbẹ́ àwọn oníṣẹ́ ọnà, ní Òṣogbo. Ọ̀rọ̀ Igbo ni Mbari, orúkọ ẹgbẹ́ tó ti wà n'Íbàdàn láti 1961, ará Òṣogbo gbọ́ ọ, wọ́n ní “bí mo bá rí i, màá yọ̀.” Denis Williams, ọmọ Guyana, kọ́kọ́ kọ́ àwọn ọ̀dọ́ níbẹ̀, Georgina Beier gba iṣẹ́ náà lọ́wọ́ rẹ̀ ní 1964. Ẹnikẹ́ni kò gbé igbá síwájú wọn pé kí wọ́n yà á bó ṣe rí. Ọ̀dà ilé àti búrọ́ọ̀ṣì ńlá ni wọ́n kó lé wọn lọ́wọ́, búrọ́ọ̀ṣì ńlá kò sì mọ ìlà tẹ́ẹ́rẹ́ fà.

Lára àwọn ọ̀dọ́ náà, ọwọ́ Rufus Ògúndélé (1946–1996) ni ọ̀dà kíki ti hàn jù. Ìlà dúdú tó sanra ló fi ń pààlà láàárín àwọ̀ kan àti èkejì, àwọ̀ náà á wá máa tàn bí iná láàárín rẹ̀. Ojú èèyàn lè dúdú bí aró, kò sẹ́ni tó máa bi í ní ìdí. Òṣogbo ìlú aró kúkú ni. Muraina Oyèlámì, ọmọ Ìràgbìjí, gbájú mọ́ orí àti ilé. Twins Seven-Seven kò bá wọn lọ: kálàmù àti yíǹkì ló fẹ́ràn, fínnífínní.

Jimoh Buraimoh, tó ń bójú tó iná fún eré Ládiípọ̀, ló gbé ọ̀rọ̀ náà kọjá ọ̀dà. Ìlẹ̀kẹ̀ ló ń lẹ̀ mọ́ pátákó, irú èyí tó wà lára adé ọba. Lójú tèmi, òun ló kun àwòrán tó ki jù: afọ́jú á fọwọ́ kàn án, á mọ ibi tí ojú wà.