Ṣọ́ọ̀bù Kẹ̀kẹ́ Àwọn Wright ní Dayton: Ìtàn Rẹ̀ àti Àríyànjiyàn Orí Rẹ̀

Ìtàn ṣọ́ọ̀bù kẹ̀kẹ́ tí Wilbur àti Orville Wright, tẹ̀gbọ́n-tàbúrò tó kọ́ bàálù tó fò ní 1903, ní sí ìlú Dayton, ní ìpínlẹ̀ Ohio ní Amẹ́ríkà, fọ́n ká sínú ìwé oríṣiríṣi, ohùn àwọn ìwé náà kò sì ṣọ̀kan. Òmíràn ní 1892 ni wọ́n ṣí i, òmíràn ní 1893 ni. Ìyẹn kò tó ìjà: ìparí 1892 ni wọ́n dáwọ́ lé e, àsìkò ìgùnkẹ̀kẹ́ ọdún 1893 sì ni ọjà bẹ̀rẹ̀ sí í yá. Ọ̀rọ̀ tó gba àròjinlẹ̀ ni ti àwọn tó ń sọ pé ṣọ́ọ̀bù náà kò ju ibi tí owó bàálù ti wá lọ. Owó ni kẹ̀kẹ́ ìhìnrere, òótọ́ ni, èrè ibẹ̀ ló sì gbọ́ bùkátà àyẹ̀wò bàálù wọn. Ṣùgbọ́n ohun tí wọ́n kọ́ níbẹ̀ ju owó tí wọ́n rí níbẹ̀ lọ.

Nígbà tí wọ́n bẹ̀rẹ̀, kẹ̀kẹ́ ológeere tí táyà rẹ̀ méjèèjì dọ́gba ṣẹ̀ṣẹ̀ gbòde ni, tọkùnrin tobìnrin ló sì ń gùn ún ṣeré ìdárayá. Ní 1892, Orville ra kẹ̀kẹ́ Columbia tuntun ní 160 dọ́là, ó sì ń fi í díje. Àlòkù Eagle ni Wilbur rà ní 80. Àwọn tó mọ̀ pé àwọn Wright mọṣẹ́ irin dáadáa ń gbé kẹ̀kẹ́ tó bàjẹ́ wá, bẹ́ẹ̀ ni àtúnṣe ṣe di iṣẹ́. Wọ́n ń tún un ṣe, wọ́n ń tà á, wọ́n sì ń fi í háyà. Ní 1896, ní ojúlé 22 South Williams Street, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe tiwọn: Van Cleve fún ẹni tówó wà lọ́wọ́ rẹ̀, St. Clair fún ẹni tó ń ṣọ́wó ná. Ọwọ́ ni wọ́n fi ń ṣe é, lẹ́yọ kọ̀ọ̀kan. Ẹ wo pẹ́dà òsì rẹ̀: òdì ni wọ́n ń yí i kó tó dè, kó má baà tú bí ẹsẹ̀ ṣe ń wà á.

Irú ojú bẹ́ẹ̀ ni wọ́n gbé lọ sídìí bàálù. Ní 1899, bí Wilbur ṣe ń bá oníbàárà sọ̀rọ̀ ní ṣọ́ọ̀bù, ó ń yí páálí tíúbù tó wà lọ́wọ́ rẹ̀, ó sì rí i pé igun kan ń lọ sókè, èkejì ń lọ sísàlẹ̀, páálí kò sì ya. Bí wọ́n ṣe rí ọ̀nà láti máa yí apá bàálù kí wọ́n lè darí rẹ̀ nìyẹn. Ní 1901, wọ́n de táyà kẹta ní ìdùbúlẹ̀ síwájú kẹ̀kẹ́, wọ́n sì ń gùn ún kiri láti fi wọn agbára afẹ́fẹ́. Charlie Taylor, tí wọ́n gbà lọ́dún náà láti máa tún kẹ̀kẹ́ ṣe, ló kọ́ ẹ́ńjìnnì bàálù láàárín ọ̀sẹ̀ mẹ́fà. Ṣéènì ló sì ń yí abẹ̀bẹ̀ rẹ̀. Èyí tó ga jù ni pé kẹ̀kẹ́ kì í dá dúró, ẹni tó gùn ún ló ń mú un dúró. Àwọn mìíràn ń wá bàálù tí yóò dúró fúnra rẹ̀. Àwọn Wright ń wá èyí tí awakọ̀ yóò máa mú dúró.

Ẹnìkan lè ní oníkẹ̀kẹ́ pọ̀ ní Amẹ́ríkà nígbà náà, èwo nínú wọn ló fò? Òótọ́ ni, ṣọ́ọ̀bù nìkan kò tó. Ṣùgbọ́n owó nìkan náà kò tó: Samuel Langley, ọ̀gá iléeṣẹ́ ìwádìí Smithsonian, gba 50,000 dọ́là lọ́wọ́ ìjọba, bàálù rẹ̀ sì já sínú odò Potomac lẹ́ẹ̀mejì ní 1903. Kò tíì pé ọjọ́ mẹ́wàá sí èkejì, ní ọjọ́ 17 oṣù Kejìlá, tí àwọn Wright fò fún ìṣẹ́jú-àáyá 59, owó tí wọ́n ná kò sì tó 1,000 dọ́là. Àwọn tó ní àbúrò àwọn Wright obìnrin, Katharine, ló pèsè owó náà kò ní ẹ̀rí. Olùkọ́ ni, ó sì ń bá wọn mójú tó ṣọ́ọ̀bù bí wọ́n bá rìnrìn àjò.

Lẹ́yìn 1904 wọn kò ṣe kẹ̀kẹ́ mọ́. Henry Ford, oníléeṣẹ́ mọ́tò, ra ilé 1127 West Third Street, ṣọ́ọ̀bù tí wọ́n kó lọ lẹ́yìn South Williams, níbi tí wọ́n ti kan bàálù 1903, ó sì kó o lọ sí Dearborn ní Michigan. Ilé South Williams ṣì wà ní Dayton, ibẹ̀ ni mo sì kà sí èyí tó ṣe pàtàkì jù, nítorí ibẹ̀ ni wọ́n ti bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe kẹ̀kẹ́ tiwọn.