Ọ̀sọ̀rọ̀ Tí A Dí: Ìtàn Òrùlé Mọ́sálásí Ńlá Ìlú Djenné

Bí ẹnìkan bá fẹ́ wó ilé ńlá kan, tí kò sì fẹ́ kí ẹnikẹ́ni rí ọkọ́ tàbí òòlù lọ́wọ́ òun, ọ̀nà kan wà tí ó lè gbé e gbà. Kí ó gun òrùlé ilé náà lọ ní ọjọ́ kan nínú ẹ̀ẹ̀rùn, kí ó fi amọ̀ dí gbogbo ẹnu ọ̀sọ̀rọ̀ tí omi ń gbà jáde, kí ó sọ̀kalẹ̀, kí ó sì lọ jókòó sí ilé rẹ̀. Òjò ni yóò bá a ṣe ìyókù. Ẹ má ṣe rò pé àlọ́ ni mo ń pa fún yín. Ìtàn fi yé wa pé bẹ́ẹ̀ gan-an ni ó ṣẹlẹ̀ sí mọ́sálásí kan tí òkìkí rẹ̀ kàn jìnnà, ní nǹkan bí igba ọdún sẹ́yìn.

Djenné ni orúkọ ìlú náà. Orílẹ̀-èdè Mali ni ó wà, ní pẹ̀tẹ́lẹ̀ tí odò Bani máa ń kún bò lọ́dọọdún, tó bẹ́ẹ̀ tí ìlú náà fi máa ń dà bí erékùṣù ní àsìkò omi. Ilẹ̀ Mali kì í ṣe àjèjì sí àwa Mùsùlùmí ilẹ̀ Yorùbá. Ọ̀pọ̀ onímọ̀ ni ó gbà pé láti ara orúkọ rẹ̀ ni a ti rí "Ìmàle" tí àwọn baba wa ń pe ẹ̀sìn wa, nítorí pé àwọn oníṣòwò àti àlùfáà láti apá ibẹ̀ wà lára àwọn tí ó kọ́kọ́ gbé e dé ọ̀dọ̀ wọn. Abd al-Rahman al-Sadi, ọ̀mọ̀wé Timbuktu tí ó kọ ìwé Tarikh al-Sudan ní nǹkan bí ọdún 1655, sọ pé ọba Djenné kan tí ń jẹ́ Konboro gba Ìsìláàmù nígbà tí ọ̀rúndún kẹfà Hijira ń parí lọ, èyí tí ó bọ́ sí nǹkan bí ọdún 1200 nínú òǹkà àwọn òyìnbó. Ó ní ọba náà pe gbogbo àwọn onímọ̀ ẹ̀sìn ìlú jọ, iye wọn sì jẹ́ 4,200. Ó gba ẹ̀sìn lójú wọn, ó wó ààfin rẹ̀, ó sì kọ́ mọ́sálásí sí ibẹ̀.

Kí a tó dé orí ọ̀rọ̀ ọ̀sọ̀rọ̀, ó yẹ kí ẹ mọ irú òrùlé tí à ń wí. Kì í ṣe òrùlé onípáànù tí ó dagun bí tiwa, kì í sì í ṣe òrùlé koríko. Ó tẹ́ pẹrẹsẹ ni, amọ̀ sì ni. Àwọn ọ̀mọlé Djenné a kọ́kọ́ mọ òpó amọ̀ gìrìwò-gìrìwò (90 ni wọ́n nínú mọ́sálásí tí ó wà níbẹ̀ lónìí), wọn a gbé ìtì igi lé orí wọn, wọn a to igi wẹ́wẹ́ jọ sórí ìtì wọ̀nyí, wọn a sì da amọ̀ tí ó ki bò ó. Òrùlé bẹ́ẹ̀ a máa mú kí inú ilé tutù nígbà tí oòrùn bá ń ta bí iná. Wọ́n tilẹ̀ dá ihò kéékèèké sí i, wọ́n sì fi àwo amọ̀ dé wọn, kí wọ́n lè máa ṣí wọn fún ooru láti jáde.

Ọ̀tá kan ni òrùlé amọ̀ ní ju gbogbo ọ̀tá lọ, òun ni omi tí kò rí ọ̀nà lọ. Amọ̀ tí oòrùn gbẹ yàtọ̀ sí èyí tí iná sun. Bí omi bá dúró lé e lórí, yóò padà di ẹrẹ̀ tí ó ti jẹ́ tẹ́lẹ̀. Nítorí èyí ni àwọn ọ̀mọlé fi máa ń jẹ́ kí òrùlé náà rẹlẹ̀ díẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́, tí wọ́n sì máa ń ri ọ̀pá oníhò tí a fi amọ̀ mọ, tí a sun bí ìkòkò, mọ́ etí rẹ̀. Ọ̀pá yìí a yọ síta jìnnà sí ògiri, kí omi tí ó bá ń ti ẹnu rẹ̀ dà má baà fọ ara ògiri tàbí kí ó jẹ ìpìlẹ̀ ilé. Ọmọdé lè fi ọwọ́ kan dí ẹnu rẹ̀. Bẹ́ẹ̀ ni òun ni gbogbo ilé gbẹ́kẹ̀ lé.

Bí ó bá dí ń kọ́? Omi òjò àkọ́kọ́ yóò dúró lórí òrùlé bí adágún. Ó lè má jò ní ọjọ́ náà rárá, ohun tí ó sì ń tan onílé jẹ nìyẹn. Omi yóò máa mu sínú amọ̀ díẹ̀díẹ̀, amọ̀ yóò máa wúwo sí i, yóò dé ara igi tí ó gbé e dúró, igi yóò rọ̀, yóò sì bẹ̀rẹ̀ sí í jẹrà. Níkẹyìn ìlà tín-ín-rín kan yóò là. Àwọn àgbà wa ní bí ògiri kò bá lanu, alángbá kò lè ráyè wọ ibẹ̀. Alángbá tilẹ̀ sàn, nítorí pé òjò tí ó bá gba ojú ìlà náà wọlé yóò sọ ìlà di ihò, yóò sì sọ ihò di ojú ọ̀run.

Ní ọdún 1818 ni Seku Amadu, àlùfáà Fúlàní kan, gbé jìháàdì dìde ní ilẹ̀ Masina, tí ó sì dá ìjọba tirẹ̀ sílẹ̀, tí ó wá fi Hamdullahi ṣe olú-ìlú. Kò pẹ́ tí Djenné náà fi bọ́ sí abẹ́ rẹ̀. Seku Amadu kì í ṣe ẹni tí ó fẹ́ràn ọ̀ṣọ́. Lójú tirẹ̀, mọ́sálásí tí ó ti inú ààfin ọba wá, tí ó ga, tí ó sì ní ilé-ìṣọ́, ti kọjá ohun tí ó yẹ kí ènìyàn máa kírun nínú rẹ̀. Ṣùgbọ́n ó mọ òfin: kò sí Mùsùlùmí tí ó gbọdọ̀ fi ọwọ́ ara rẹ̀ wó ilé Ọlọ́run. Kí ni ó wá ṣe? Ìtàn tí wọ́n ń sọ ní ìlú náà ni pé ó pàṣẹ kí wọ́n dí àwọn ọ̀sọ̀rọ̀, kò sì jẹ́ kí ẹnikẹ́ni tún òrùlé ṣe mọ́. Kò fi ọwọ́ kan ògiri kankan. Omi ni ó rán níṣẹ́.

Ní oṣù kẹta ọdún 1828, René Caillié, ará Faransé kan tí ó múra bí Mùsùlùmí, dé Djenné nígbà tí ó ń lọ sí Timbuktu. Ó rí mọ́sálásí náà. Ó kọ̀wé pé ilé ńlá ni, pé ilé-ìṣọ́ méjì rẹ̀ ṣì wà, ṣùgbọ́n pé ẹgbẹẹgbẹ̀rún alápàáǹdẹ̀dẹ̀ ni ó ti gbà á, tí wọ́n kọ́ ìtẹ́ kún inú rẹ̀. Òórùn wọn pọ̀ tó bẹ́ẹ̀ tí àwọn ènìyàn fi ń kírun ní àgbàlá kékeré kan lóde. Ẹ kíyè sí èyí dáadáa. Ilé náà kò tíì wó ní 1828. Ògiri wà, ilé-ìṣọ́ wà, ṣùgbọ́n àwọn olùjọ́sìn ti jáde. Láàrin ọdún 1834 sí 1836 ni Seku Amadu kọ́ mọ́sálásí mìíràn, tí ó tóbi ṣùgbọ́n tí kò ga, tí kò ní ilé-ìṣọ́, tí kò sì ní ọ̀ṣọ́ kankan. Òjò sì ń bá iṣẹ́ rẹ̀ lọ lórí ti àtijọ́. Nígbà tí òǹkọ̀wé Félix Dubois fi dé ibẹ̀ ní 1895, àlàpà ni ó bá.

Èmi kò fẹ́ bá òkú jà. Seku Amadu jẹ́ ẹni tí ó bẹ̀rù Ọlọ́run, ohun tí ó sì sọ nípa ọ̀ṣọ́ nínú mọ́sálásí, àwọn onímọ̀ ti sọ irú rẹ̀ ṣáájú rẹ̀. Ṣùgbọ́n ọgbọ́n tí ó dá yìí kò wọ̀ mí létí. Ẹni tí ó dí ọ̀nà omi, tí ó sì mọ ohun tí omi yóò ṣe, ṣé kò ti wó ilé náà ni? Bí a bá sì gbà bẹ́ẹ̀, kí ni a ó wá pe onílé tí kò dí i, ṣùgbọ́n tí ó rí i pé ó dí, tí ó sì wò ó níran títí òjò fi dé?

Àwọn ará Faransé gba Djenné ní 1893. Ní 1906 sí 1907, ní abẹ́ ìjọba wọn, wọ́n tún mọ́sálásí kọ́ sí ibi àkọ́kọ́, wọ́n sì kọ́ ilé-kéú sí ibi tí ti Seku Amadu wà. Iṣẹ́ tipátipá ni ìjọba amúnisìn fi kó àwọn òṣìṣẹ́ jọ, kò yẹ kí a fi èyí pamọ́. Ṣùgbọ́n ọwọ́ àwọn ọ̀mọlé Djenné fúnra wọn ni ó mọ ilé náà, Ismaila Traoré tí í ṣe olórí ẹgbẹ́ wọn ni ó sì ṣáájú. Òun ni mọ́sálásí tí ẹ ń rí nínú àwòrán, tí ilé-ìṣọ́ mẹ́ta dojú kọ ọjà, tí ẹyin ògòǹgò wà ní ṣóńṣó orí wọn.

Amọ̀ ni, ó sì ti lé ní ọgọ́rùn-ún ọdún. Báwo ni kò ṣe tíì yọ́? Lọ́dọọdún, nínú ẹ̀ẹ̀rùn, gbogbo ìlú ni ó ń jáde láti rẹ́ ẹ. Ọ̀pọ̀ ọjọ́ ṣáájú ni wọ́n ti ń rẹ amọ̀ sínú kòtò, tí wọ́n ń da ìyàngbò ìrẹsì mọ́ ọn. Àwọn ọmọdékùnrin a máa bẹ́ sínú kòtò náà, wọn a máa ṣeré, wọn a máa ta ẹrẹ̀ sí ara wọn lára. Ẹsẹ̀ wọn sì ni ó ń pò ó kúnná. Ní ọjọ́ iṣẹ́ gan-an, eré sísá ni wọ́n fi ń bẹ̀rẹ̀: wọn a máa dù ú, ta ni yóò kọ́kọ́ gbé amọ̀ dé ara ògiri. Àwọn obìnrin àti ọmọbìnrin ń pọn omi. Àwọn ọ̀mọlé ń darí, àwọn ọ̀dọ́kùnrin ń gun òkè, àwọn àgbà tí ó ti ṣe iṣẹ́ náà rí jókòó sí ọjà ní ipò ọlá, wọ́n ń wòran. Ẹ ti rí àwọn igi tí ó yọ síta lára ògiri náà bí ẹ̀gún. Ọ̀ṣọ́ ni wọ́n lóòótọ́, ṣùgbọ́n àwọn náà ni àwọn tí ń rẹ́ ilé ń dúró lé. Àwọn tí ó kọ́ ọ ti ro ti àtúnṣe mọ́ ọn láti ìbẹ̀rẹ̀.

Bákan náà ni ti ilé gbígbé. Ìdílé kọ̀ọ̀kan ní ọ̀mọlé tirẹ̀, tí wọ́n jogún láti ọ̀dọ̀ baba wọn, tí ó sì mọ ibi tí òrùlé wọn ti ń ṣàárẹ̀. Kì í ṣe iṣẹ́ ọ̀fẹ́, ó ń gba owó, kì í sì í tán. Àwọn mìíràn a ti fi bíríkì sísun pẹlẹbẹ lẹ ara ògiri láti sinmi, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé inú àwọn tí ń ṣọ́ ohun àjogúnbá kò dùn sí i. Èmi kò bá wọn wí. Ẹni tí kò san owó àtúnṣe ni ó rọrùn fún láti sọ pé kí nǹkan rí bí ó ti wà.

Àwa náà ní irú àṣà yìí rí. Ní Ọ̀yọ́, koríko bẹẹrẹ tí wọ́n fi ń bo ààfin ni wọ́n fi ń ṣọdún, ọdún bẹẹrẹ ni wọ́n sì fi ń ka iye ọdún tí Aláàfin lò lórí oyè. Páànù ni ó dé tí a fi rò pé òrùlé ti kúrò nínú ohun tí à ń tún ṣe lọ́dọọdún. Ewé máńgòrò kún gọ́tà, ìṣó dípẹtà, ikán ń jẹ igi àjà, a kò wò ó, àfi ìgbà tí omi bá kán sórí ẹní. Ilé onídẹ́kì ni ó tilẹ̀ jọ ti Djenné jù: ọ̀rá kan péré tí afẹ́fẹ́ gbé dí ẹnu ọ̀nà omi rẹ̀, Seku Amadu ti gun òrùlé yín nìyẹn.

Ní ọdún 2006, àwọn òṣìṣẹ́ kan gun òrùlé mọ́sálásí Djenné láti yẹ̀ ẹ́ wò, nítorí iṣẹ́ àtúnṣe tí àjọ Aga Khan fẹ́ náwó lé. Bí àwọn ará ìlú ti rí wọn tí wọ́n ń gbẹ́ òrùlé ni ìjà bẹ́ sílẹ̀. Wọ́n fa fáànù inú mọ́sálásí tu, wọ́n ba ọkọ̀ jẹ́, ẹ̀mí kan sì bọ́. Ìwà ìbàjẹ́ ni, ṣùgbọ́n ẹni tí ó ti ń gbé amọ̀ lọ sí ara ilé yẹn láti kékeré, tí ó kàn ṣàdédé rí àjèjì tí ó ń gbẹ́ orí rẹ̀, tí ẹnikẹ́ni kò sì ṣàlàyé fún un, kí ni ẹ fẹ́ kí ó rò?

Ọdún mẹ́ta lẹ́yìn náà, ní ọjọ́ 5 oṣù kọkànlá 2009, nígbà tí ó yẹ kí ẹ̀ẹ̀rùn ti mulẹ̀, òjò mìlímítà 75 rọ̀ láàrin wákàtí 24, òkè ilé-ìṣọ́ ìhà gúúsù sì wó lulẹ̀. Ẹnìkan lè ní ṣebí wọ́n ń rẹ́ ẹ lọ́dọọdún. Bẹ́ẹ̀ ni, orí ilé-ìṣọ́ kan ni ó sì wó, ìyókù dúró. Àjọ Aga Khan ni ó san owó tí wọ́n fi tún un kọ́.

UNESCO ti kọ Djenné mọ́ àwọn ohun àjogúnbá ayé láti 1988, ṣùgbọ́n ogun tí ó bẹ́ sílẹ̀ ní Mali ní 2012 lé ọ̀pọ̀ àlejò sá, ní 2016 sì ni wọ́n fi ìlú náà sínú àkọsílẹ̀ àwọn ibi tí ó wà nínú ewu. Owó tí àwọn àlejò ń ná kò wọlé mọ́ bí ti tẹ́lẹ̀. Síbẹ̀, bí ẹ̀ẹ̀rùn bá ti dé, wọ́n ṣì ń gbẹ́ kòtò, wọ́n ṣì ń da ìyàngbò sínú amọ̀, àwọn ọmọ tí a bí lẹ́yìn tí ogun náà bẹ́ sílẹ̀ sì ti ń bẹ́ sínú rẹ̀.